Àpótí Ẹlẹ́nu Mẹ́rin

Àpótí náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo.

Ọ̀gá mi ki ìka bọ ẹnu àkọ́kọ́, ó yọ ọ́, ó ki í bọ èkejì. Ó tẹ̀ lé okùn dúdú kan láti ẹ̀yìn àpótí náà gba ara ògiri jáde sí gbọ̀ngàn, títí ó fi dé abẹ́ kámẹ́rà kékeré kan tó ń wo àtẹ̀gùn láti òkè. Ó padà wọlé. Ó tún jáde. Ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, Kòjókòó là ń pè é, òun náà sì mọ̀, torí kò tíì sẹ́ni tó rí obìnrin náà kó jókòó mu ife omi kan tán. Èmi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, tí mo fẹ́ràn àga ju oúnjẹ lọ, èmi ni wọ́n yàn láti máa tẹ̀ lé e káàkiri. Mo ti gba kámú.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ wo ibí. Kámẹ́rà yẹn kì í tọ́jú nǹkan kan sínú ara rẹ̀. Inú àpótí yìí ló ń kó gbogbo ohun tó bá rí sí."

"Àwọn tó kọ́kọ́ wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kámẹ́rà náà kò ní nǹkan kan nínú."

"Òótọ́ ni wọ́n kọ. Inú kámẹ́rà ni wọ́n wò."

Ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá sílé náà kò ṣòro láti sọ. Sọ̀fẹ́yọ̀ àgbà kan, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà. Dáódù, àkọ́bí bàbá náà, búra pé obìnrin yìí ló tì í, torí ó pè sílé lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó sì gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń jiyàn. Wọ́n ti Nọ́ọ̀sì mọ́lé. Ọ̀la ni wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, àárọ̀ yìí ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹjọ́ náà lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Bí ohun tí kámẹ́rà rí bá yọjú, a ó mọ̀ bóyá ẹ̀wọ̀n ni obìnrin náà ń lọ tàbí ilé. Bí kò bá yọjú, ẹnu Dáódù nìkan ni adájọ́ yóò gbọ́.

Dáódù fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Agbaṣẹ́ṣe ni, ó sì máa ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ló wí. "A ti pín ohun tó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá mi dúró. "Ẹ ti pín kí ni?"

"Àwọn díráìfù. Fọ́tò ìdílé ni Bàbá ń tọ́jú sínú wọn. Fọ́tò Màámi, fọ́tò ìgbéyàwó wa, gbogbo ẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wá, díráìfù mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kí ló tún wá rọrùn jùyẹn lọ? Kálukú mú ọ̀kan."

Ọ̀gá mi pa ojú dé, ó tún là á. "Ta ló dá a lámọ̀ràn?"

"Tíṣà, àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi. Ọmọlúàbí ni. Kò fẹ́ kẹ́nì kan gbà ju ẹnì kan lọ."

"Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é?"

"Àbíkẹ́yìn ń ráhùn nǹkan kan pé kò ṣeé pín. A ní kó panu mọ́. Ọmọ tí a pọ̀n."

Wọ́n ti gbàgbé pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ọ̀gá mi kò bá a jiyàn. Ó ní kó kó gbogbo ẹ̀ jọ padà, kó gbé e wá bá wa ní àgọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí. Kí Dáódù tó ronú èsì, ọ̀gá mi ti gbé àpótí náà há abíyá, ó ti wà nídìí ọkọ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e, orúnkún mi ń bú mi.

Nọ́ọ̀sì kò sunkún mọ́ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti sun ún tán láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà kan tí apá rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ńtì, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta bó ṣe ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni, ó kàn ń wò wá.

"Ẹ tún un sọ fún mi," ni ọ̀gá mi wí.

"Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń fọ aṣọ. Ẹ̀rọ omi ń pariwo, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá ti wà nílẹ̀. Mo tẹ àyà wọn, mo ké sí àwọn aládùúgbò."

"Ìjà wo lẹ jà lọ́jọ́ tó ṣáájú?"

"A ò jà o. Mo ní kí wọ́n má lo oògùn tuntun yẹn mọ́ títí a ó fi béèrè. Òyì ń kọ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í bọ àpò. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló pò ó, ọmọ àwọn ò lè ṣì í."

"A ti yẹ ìgò oògùn tó wà lórí tábìlì wò," ni mo wí. "Oògùn tó tọ́ ló wà nínú ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọkọ mi pé kó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo sọ fún un. Kò dìde.

Nígbà tí Dáódù dé, ọ̀rá kan ló gbé kalẹ̀ lórí tábìlì wa. Díráìfù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, dúdú, wúwo, wọ́n jọra bí ìbẹta.

"Ta ló ni èwo?" ni mo bi í.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo gba ti Apòògùn, àbúrò wa ọkùnrin, mo gba ti Àbíkẹ́yìn, mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ tèmi. Ìyàwó mi ní eruku ti pọ̀ jù lára wọn, ló bá fi àkísà tútù nù wọ́n."

Nípa bẹ́ẹ̀, àmì ìka ọwọ́ tí à bá yẹ̀ wò ti bá àkísà lọ. Mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá mi fojú pa mí lẹ́nu mọ́.

"Ẹ̀kẹrin ńkọ́?"

Tíṣà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dáhùn, ojú rẹ̀ ti wú. "Tèmi ni. Inú báàgì ni mo fi sí, mo sì gbàgbé báàgì náà sínú takisí. Mo ti wá ọkọ̀ yẹn títí, mi ò rí i. Mo pe gbogbo wọn lọ́jọ́ náà gan-an, mo sọ fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní fọ́tò Màámi díẹ̀ nínú tiwọn."

Bí wọ́n ṣe jáde ni mo fà mọ́ ọ̀gá mi. "Ọ̀gá, ẹni tó ní kí wọ́n pín in ni tirẹ̀ sọnù. Kí la tún ń wá?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbàgbé rẹ̀ sínú takisí lóòótọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, Sájẹ́ǹtì. Ẹ bá mi gbé ọ̀rá yẹn."

Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí òkú kọ̀ǹpútà kún láti ilẹ̀ dé àjà. Ó mọ àpótí náà kó tó wo ojú wa.

"Ti Sọ̀fẹ́yọ̀ rèé. Èmi ni mo tà á fún wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbéèrè pa mí."

"Ìbéèrè bíi kí ni?" Ọ̀gá mi ti ń rìn yí tábìlì rẹ̀ ká.

"Mo kọ́kọ́ gbé díráìfù ọ́fíìsì fún wọn. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, wọ́n máa ń pa á bí iṣẹ́ bá parí, díráìfù inú ẹ̀ a máa sùn. Àpótí ti àwọn ò ní í sùn, tọ̀sántòru ni kámẹ́rà yóò máa kó nǹkan sí i, gbogbo ilé yóò sì máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú fọ́tò níbẹ̀. Mo wá kó irú èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ àìsùn jáde, mẹ́rin nínú páálí kan náà. Wọ́n tún ní rárá. Wọ́n ní ohun tó jáde nínú páálí kan náà lè ní àrùn kan náà, kí wọ́n sì jọ kú lọ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n ra méjì lọ́wọ́ mi, wọ́n sọdá títì, wọ́n lọ ra méjì lọ́wọ́ ọ̀tá mi. Lójú mi báyìí."

"Mẹ́mọ́rì ńkọ́?"

"Ìyẹn gan-an ló le jù. Mo ní èyí tó bá àpótí náà wá ti tó. Wọ́n ní irú èyí tó ń yẹ ara rẹ̀ wò làwọn ń fẹ́, tó jẹ́ pé bó bá ṣe àṣìṣe, á mọ̀, á sì tún un ṣe. Mo ní, Bàbá, fọ́tò ọmọ-ọmọ lẹ fẹ́ tọ́jú, ẹ ò fẹ́ dá báǹkì sílẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe tí a bá mọ̀ ń ṣeé tún ṣe, èyí tí a ò mọ̀ ló ń pani." Ó mi orí. "Mo lọ wá a. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi wá a."

Ọ̀gá mi na ọ̀rá sí i. "Mẹ́ta ló kù nínú mẹ́rin. Ṣé ó lè ṣí?"

"Á ṣí. Bí mo ṣe tò ó fún wọn ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ gbé ẹrù náà. Bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù mọ ohun tó gbé, wọ́n á bá a gbé e. Bí méjì bá kú, ó tán nìyẹn."

Ó ti díráìfù mẹ́ta náà bọ ẹnu àpótí, ó tan iná. Fáànù rẹ̀ hó díẹ̀. Iná rẹ̀ yí sí àwọ̀ ìyeyè, mo rò pé a ti bọ́. Ó padà di pupa. Ẹnjiníà pa á, ó tún un tò, ó tàn án. Pupa náà ni. Ó wá yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí wọn dojú bolẹ̀, ó gbé ẹ̀kẹta sún mọ́ ojú.

"Ta ló kó èyí wá? Díráìfù ọ́fíìsì ni. Èyí tó ń sùn. Bí mo bá fi ta Bàbá lọ́rẹ, wọ́n á sọ ọ́ lù mí."

Ọ̀gá mi kò dúró dágbére. Ó ti wà lójú títì.

A rìn nínú oòrùn, torí ó ní ọkọ̀ kì í jẹ́ kí òun ronú. Ara mi kò balẹ̀. Ọjọ́ ti ń lọ, ọ̀la kò sì ní dúró dè wá.

"Ẹ rò ó wò," ló wí. "Ká ní ti Tíṣà kò sọnù, kí ẹnì kan pààrọ̀ tirẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, torí mẹ́ta yóò ṣì gbé e. Ṣùgbọ́n Tíṣà pe gbogbo wọn, ó ní tòun ti sọnù. Ẹnì kan nínú wọn gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé ẹyọ kan péré ló kù tí àpótí náà yóò fi yadi. Ẹni yẹn mọ ìṣirò rẹ̀."

"Àbíkẹ́yìn," ni mo sọ lójú ẹsẹ̀. "Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe."

"Bó bá fẹ́ kó bà jẹ́, kí ló dé tó fi ní kí wọ́n má pín in?"

Mo ní bóyá ó ń díbọ́n.

Àbíkẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tó tutù bí inú fíríìjì, díráìfù tò lọ rẹrẹ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Inú ń bí i kí a tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti sọ fún wọn. Mo ní kì í ṣe àwo tí a lè pín, pé bí wọ́n bá tú u ká, kò sẹ́ni tó máa rí fọ́tò kan ṣoṣo. Bùọ̀dá mi àgbà bi mí pé ṣé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí ni. Àǹtí mi ní mo fẹ́ nìkan gba fọ́tò Màámi."

"Bùọ̀dá yín kejì ńkọ́? Apòògùn?"

"Wọ́n wo ilẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò ṣàlàyé pé mẹ́ta lè gbé e?"

"Fún ta ni? Mi ò tíì la ẹnu tán tí wọ́n fi ní kí n lọ bá wọn bu omi wá."

Ọ̀gá mi gbé díráìfù ẹ̀kẹta síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Èyí kì í ṣe ti Bàbá," ló wí, ó wá wo ojú wa, ojú tirẹ̀ sì yí padà. "Ta ló ṣe irú eléyìí?"

Ọ̀gá mi fara sún mọ́ ọn, ó sọ nǹkan sí i létí. Àbíkẹ́yìn ronú díẹ̀, ó gbà.

Nígbà tí a jáde, mo ṣì fẹ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti mú mi. "Ẹ rí ohun tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀? Bí òun ló pààrọ̀ rẹ̀, ṣé èyí tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀ ló máa mú, nígbà tí irú ti Bàbá kún ògiri rẹ̀?"

Mo gba kámú lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù Apòògùn mọ́ débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ bàtà. Ọkùnrin tín-ín-rín tó ń wọ gíláàsì ni, ó ń to ìgò bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń yí orí wọn kọ ibì kan náà.

"A wá nítorí kọ̀ǹpútà Bàbá," ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àpótí ìpamọ́ ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ń po oògùn ẹ̀jẹ̀ wọn—"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀."

"Níbo lẹ wà nígbà tí wọ́n ṣubú?"

"Níbí. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan ni mo ń dá a ṣe." Ó gbá ìgò kan tó yẹ̀ díẹ̀ sínú ìlà. "Díráìfù tèmi, mo ti fún Bùọ̀dá mi. Gbogbo wọn ló jọra, ẹ má bi mí èwo ni tèmi."

Ní ìta, ọ̀gá mi dúró, ohun tí kò wọ́pọ̀. "Ọkùnrin yẹn kò lè rí àṣìṣe ẹlòmíì kó gbójú kúrò."

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó mi náà ṣe rí."

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ó gbà wọlé. Ìfura ni mo ní, mi ò ní ẹ̀rí. Ẹ bá mi pe gbogbo wọn jọ."

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lé nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó nínú pálọ̀ bàbá wọn. Àpótí náà wà lórí tábìlì, díráìfù mẹ́ta tí Dáódù kó wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ń rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, ó ń padà. Mo yọ gègé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ní kí n ṣe.

"Mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ ibi tí a bá a dé," ló wí. "Ẹnjiníà ti yẹ mẹ́mọ́rì àpótí yìí wò, inú mẹ́mọ́rì yẹn sì ni gbogbo fídíò wà—"

"Mẹ́mọ́rì kọ́ ló ń tọ́jú fídíò," ni Apòògùn wí. "Mẹ́mọ́rì dà bíi tábìlì tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ, ohun tó wà lórí ẹ̀ lọ nìyẹn. Díráìfù ló ń tọ́jú nǹkan."

"Ẹ ṣé é. Díráìfù ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Bàbá rà nínú páálí kan náà—"

"Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ti rà á. Páálí wọn yàtọ̀ síra."

"Ẹ wà níbẹ̀ ni?"

"Èmi ni mo bá wọn gbé e wálé."

Dáódù yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lo bá wọn rà á? O ò sì sọ nǹkan kan lọ́jọ́ tí à ń pín in?"

"Ẹ ò bi mí, Bùọ̀dá."

Ọ̀gá mi fọwọ́ dá wọn dúró. "Kò burú. Ohun tí mo ní láti sọ ò pọ̀. Ẹnjiníà ti ki àwọn díráìfù tí ẹ kó wá bọnú àpótí, ó sì ti ṣí. A ti rí gbọ̀ngàn, a ti rí àtẹ̀gùn. Ó ku ká wo ọjọ́ tí Bàbá kú."

Tíṣà dúpẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Dáódù fẹ̀yìn ti àga, ó ní ọ̀la náà ni kí wọ́n gbé e fún adájọ́. Àbíkẹ́yìn wo ilẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe bẹ̀ ẹ́ létí. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ nínú ilé yẹn tipẹ́.

Apòògùn bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún. "Kò lè ṣí," ló wí.

"Ó ti ṣí."

"Màdáámù, wọ́n parọ́ fún yín. Méjì ò lè gbé e. Mẹ́ta ló kéré jù."

Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Ọ̀gá mi fa àga kan, ó sì jókòó. Ọdún tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ kì í ṣe kékeré, mi ò rí i kó jókòó rí.

"Mẹ́ta ló wà lórí tábìlì yìí," ló wí ní pẹ̀lẹ́. "Mẹ́ta ni Dáódù kó wá, mẹ́ta ni gbogbo yín ń wò. Ta ló sọ fún yín pé méjì ni?"

Apòògùn la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kò sì rí ibi tí yóò ti tún un ṣe. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Ó wo gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Tíṣà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tún bi í.

Ó ní ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yẹ ni òun mú nígbà tí òun ń po oògùn Bàbá. Ọjọ́ kẹta ni òun tó rí i. Òun ti ṣọ́ọ̀bù, òun gbé oògùn tó tọ́ dání, òun sáré wá láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni òun ti bá Bàbá.

"Wọ́n ti kú kí n tó dé," ló wí. "Mo yọ ìgò inú àpò wọn, mo gbé èyí tó tọ́ sórí tábìlì, mo lọ. Wọ́n ti kú. Kí ni mo tún lè ṣe?"

"O lè pe Nọ́ọ̀sì," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀yìnkùlé ló wà."

Ojú tì mí fún Apòògùn, inú sì bí mi, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù. Ẹni tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe wa kọjá, tirẹ̀ ló fẹ́ bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíì ló sì fẹ́ kó fi ẹ̀wọ̀n bò ó.

"Díráìfù tòótọ́ dà?" ni ọ̀gá mi bi í. "Ẹ ti fọ́ ọ?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn páálí oògùn. Èyí tí mo fi dípò ẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti yọ ọ́." Ó wọ gíláàsì padà. "Mi ò lè fọ́ ọ. Fọ́tò Màámi wà nínú ẹ̀."

Ní ṣọ́ọ̀bù Ẹnjiníà, iná àpótí náà di àwọ̀ ìyeyè, ó pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wá di àwọ̀ ewé. Ẹnjiníà wá ọjọ́ náà jáde fún wa, ó ní òun ò fẹ́ wò ó, ó bọ́ síta.

Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára irin àtẹ̀gùn. Ó dúró. Ó di orí mú. Ó ṣubú. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, torí a ti rí ohun tí a wá. Mo nawọ́ láti pa á, ọ̀gá mi di ọwọ́ mi mú.

Ilẹ̀kùn ṣí, Apòògùn wọlé. Ó dúró lórí bàbá rẹ̀. Ọwọ́ Bàbá gbé sókè láti ilẹ̀, ó di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú. Apòògùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ìgò nínú àpò bàbá náà, ó wá tú ìka rẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń tú u. Ó kọjá lọ síbi tábìlì. Ó jáde.

Lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó wọlé. Oòrùn tó gba fèrèsé wọlé wà lórí táìlì, ó ń sún díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ń yọ́ rìn lórí ilẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń rìn. Oòrùn sún títí ó fi dé ẹsẹ̀ àga. Ọwọ́ náà kò rìn mọ́. Ìgbà náà ni Nọ́ọ̀sì gbé agbọ̀n aṣọ wọlé, ó jù ú nù, ó sì kúnlẹ̀.

Èmi ni mo lọ ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́. Mo kó ẹrù Nọ́ọ̀sì sórí tábìlì níwájú ọ̀gá mi: aago rẹ̀, ìbòrí rẹ̀, bàtà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó lè máa lọ sílé, pé ọkọ rẹ̀ wà níta. Kò mú nǹkan kan.

"Ẹ ti wo fídíò náà?" ló bi ọ̀gá mi.

"A ti wò ó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn yín."

"Mo mọ̀ pé mi ò tì wọ́n. Ìyẹn kọ́." Ó fọwọ́ di etí tábìlì mú. "Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn látọjọ́ yìí nìkan ni mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó pẹ́ tí Bàbá fi wà nílẹ̀ kí n tó wọlé? Aṣọ tó kù kò pọ̀. Mo ní kí n kúkú fọ̀ ọ́ tán."

Bàtà rẹ̀ kan bọ́ láti orí tábìlì sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, orúnkún mi dún.

"Kò pẹ́," ni ọ̀gá mi wí. "Bí wọ́n ṣe ṣubú báyìí ló parí. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe."

Mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún lókè orí mi, irú ẹkún tó máa ń mú ara fúyẹ́. Mo wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, mò ń wá bàtà kiri, bẹ́ẹ̀ ó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́.